Wọ́n mọ fọ́múlà, wọn ò mọ ohun tó ń sọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn SS 1 níbí ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọ 62 ló wà ní kíláàsì kan, kò sí kọ̀ǹpútà, iná pàápàá kì í dúró. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń wá mean, ìyẹn àròpín, ṣùgbọ́n tí mo bá bi wọ́n pé kí ni nọ́ńbà náà ń sọ, gbogbo ẹnu á pa dé. Ti probability, ìyẹn ìṣeéṣe ohun tí kò dájú, ló tún burú jù, ńṣe ni wọ́n ń há a sórí bí orin. Ọ̀nà wo ni kí n gbé e gbà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó ohùn, tíṣà. Ọmọ 62 kì í ṣe wàhálà nínú iṣẹ́ yìí, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo tí mo ní ni pé kí ẹ má kọ fọ́múlà sí bọ́ọ̀dù kí ọwọ́ àwọn ọmọ tó kan nǹkan.

Fún mean, ẹ gbé ọpọ́n ayò wá. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin. Kí ọmọ kan kó ihò kan, kó ta á. Ihò yẹn ṣófo, mẹ́rin mìíràn di márùn-ún-márùn-ún, méje tó kù wà bó ṣe wà. Àròpín ńkọ́? Mẹ́rin náà ni. Títí ẹnì kan yóò fi jẹ, bó ti wù kí ọmọ ayò rìn káàkiri tó, mẹ́rin ni àròpín. Ibẹ̀ ni yóò ti yé wọn pé àròpín ni iye tí kálukú ìbá ní ká ní a kó gbogbo rẹ̀ jọ, tí a tún un pín lọ́gbọọgba.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú wọn lọ sí ọjà ẹja Olúwò, kódà bó jẹ́ lẹ́nu lásán. Ìyá márùn-ún jókòó ti ẹja. Mẹ́rin ta ₦4,000, ₦5,000, ₦5,000 àti ₦6,000. Ẹni karùn-ún kó àrọ̀ ńláńlá wá, onílé oúnjẹ kan sì kó gbogbo rẹ̀ ní ₦30,000. Àròpọ̀ ₦50,000, àròpín ₦10,000. Ẹ wá bi wọ́n: “Ta ló ta ₦10,000 nínú wọn?” Wọ́n á wá a tì. Ẹ to iye náà láti kékeré dé ńlá, èyí tó bọ́ sí àárín ni ₦5,000, median nìyẹn. Ẹ tún sọ pé ₦300,000 ni ìyá alárọ̀ tà. Àròpín fò dé ₦64,000, ti àárín ò mira. Ọmọ tó bá fojú ara rẹ̀ rí èyí kò ní béèrè mọ́ pé kí ni wọ́n ń fi méjèèjì ṣe. Ti mode, gbólóhùn kan tó o: iye tó fara hàn jù.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ ni probability. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìdérí ìgò mínírà kan wá, ti onírin. Tí a bá jù ú sókè, ó lè dojú dé, ó lè ṣíjú sókè. Ẹ béèrè pé nínú ìjù 100, ẹ̀ẹ̀melòó ni yóò ṣíjú. “Àádọ́ta!” ni wọ́n á pariwo, torí ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀. Ẹ má bá wọn jiyàn. Kí kálukú jù ú ní ogún ìgbà, kó máa fa igi sínú ìwé rẹ̀. Ẹnì kan lè rí 8, kí ẹni tó jókòó tì í rí 14. Ẹ wá ro ti gbogbo wọn pọ̀: ìjù 1,240 nìyẹn. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Ti ọmọ kọ̀ọ̀kan á ṣì máa lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n ti àpapọ̀ kò ní jìnnà sí ti àná. Kíláàsì ọlọ́mọ mẹ́wàá ò lè rí i báyìí. Ẹ̀yìn ìdérí ò sì rí bí inú rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tó fi dandan lé e pé ìdajì ni yóò jẹ́. Àfi ká jù ú, ká kà á.

Owó ẹyọ náà dáa fún un. Mo lò ó rí, àwọn òbí kan sì wá bá mi pé ifá ni mò ń kọ́ ọmọ àwọn. Ìdérí ìgò ò ní ẹ̀sìn.

Ẹ̀yìn èyí ni kẹ́ ẹ tó mú kọ́ìnì jáde. Méjì ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kun etí ọ̀kan nínú wọn, kí èkejì wà ní funfun bó ṣe wà. Àwọn ọmọ á ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà: orí méjì, ìrù méjì, tàbí ọ̀kan-ọ̀kan. Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín, d'Alembert, àgbà onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, kọ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 1754: ó sọ pé ìṣeéṣe kí orí jáde, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, nínú ìjù méjì jẹ́ 2 nínú 3. Kútẹ́ẹ̀sì yẹn ló máa tú àṣírí. Orí lára pupa pẹ̀lú ìrù lára funfun yàtọ̀ sí ìrù lára pupa pẹ̀lú orí lára funfun. Ọ̀nà mẹ́rin ni, orí sì wà nínú mẹ́ta.

Ọmọ kan á sì sọ pé orí ti jáde lẹ́ẹ̀mẹrin tẹ̀léra, ìrù ló kàn báyìí. Ẹ bi í bóyá kọ́ìnì ń ka iye ìgbà tí wọ́n jù ú. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá eré, torí ohun tó ń gbé àwọn kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù lótò lójoojúmọ́ nìyẹn: nọ́ńbà yìí ti pẹ́ tí ò ti jáde. Ẹ ṣí i fún wọn lórí bọ́ọ̀dù. Nínú nọ́ńbà 90, márùn-ún ló ń jáde. Kí méjì tí èèyàn mú wà níbẹ̀ jẹ́ 5/90 ìsọdipúpọ̀ 4/89, ìyẹn 2 nínú 801, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 400. Nígbà tí mo kọ ọ́, ẹ̀yìn kíláàsì dákẹ́ lọ gbári, mo sì mọ ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti bá.

Ẹ máa sọ ọ́ ní Yorùbá, kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù, torí òun ni wọ́n máa bá pàdé nínú WAEC. Pírẹ́ọ̀dù méjì ni ìdérí ìgò yóò gbà yín, kì í ṣe ẹyọ kan. Kẹ́ ẹ sì gba gbogbo ìdérí náà padà kí agogo tó lù o. Mo gbàgbé lọ́jọ́ kan, tíṣà tó wọlé lẹ́yìn mi ò jẹ́ kí n gbádùn fún ọ̀sẹ̀ kan.