Ọdún 6.4 tó sọnù nínú ìṣirò mi

Kò sí irọ́ lẹ́nu ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Ẹ béèrè nípa relativity, ẹ̀kọ́ Einstein onímọ̀ físíìsì tó ní aago ohun tó bá ń sáré máa ń falẹ̀ lójú ẹni tó dúró, pé, bí ẹni inú ọkọ̀ bá ní aago ará ilé ló ń falẹ̀, tí ará ilé ní rárá o, ti inú ọkọ̀ ló ń falẹ̀, ọ̀rọ̀ ta ni ká gbà? Ìbéèrè yìí gan-an ló sọ mí sínú carry-over lọ́dún kẹta mi ní yunifásítì, ẹ jẹ́ n fi ibi tí ẹsẹ̀ mi ti yọ̀ hàn yín.

Ìbejì ni wọ́n fi ṣe ìdánwò náà. Èmi ni mo sọ wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Kẹ́hìndé wọ ọkọ̀ tó ń sá ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún eré ìmọ́lẹ̀, ó lọ sí ìràwọ̀ kan tí ìmọ́lẹ̀ ń fi ọdún 4 rìn dé, ó yí padà lójú ẹsẹ̀. Táyé jókòó sílé. Ti Táyé rọrùn: àlọ ọdún 5, àbọ̀ ọdún 5, ó di 10. Ní eré yìí, aago Kẹ́hìndé ń rìn ní ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti Táyé, ọdún 6 péré ni Kẹ́hìndé lò. (Wọ́n ní Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn ìrìn àjò yìí, Táyé ti fi ọdún 4 jù ú lọ.)

Ìbéèrè kejì ní ká ṣe é lójú Kẹ́hìndé. Lójú tirẹ̀, Táyé ló ń sá, aago Táyé ló ń falẹ̀. Àlọ gba ọdún 3 lórí aago Kẹ́hìndé. Mo mú ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún rẹ̀, ó di 1.8. Àbọ̀, 1.8. Gbogbo rẹ̀ 3.6. Ṣé Táyé tó lo ọdún 10 nílé náà ló wá di 3.6 yìí? Ọdún 6.4 ti wọlẹ̀! Mo fagi lé e, mo tún un ṣe, 3.6 náà ni. Mo wá kọ ọ́ pé “nítorí pé Kẹ́hìndé yí padà ni,” mo fàlà sí i nídìí. Máàkì 2 nínú 15.

Ohun tí mo fi oṣù mélòó kan wá ni “nígbà tí.” Nígbà tí Kẹ́hìndé dé ìràwọ̀, kí ni aago Táyé ń sọ? “Nígbà” ti ta ni? Ibẹ̀ ni Einstein ti bẹ̀rẹ̀ ní 1905. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin, kí iná tàn láàárín gbùngbùn rẹ̀. Lójú yín, ìmọ́lẹ̀ kan ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn pa pọ̀. Lójú ẹni tó dúró níta, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń sáré pàdé ìmọ́lẹ̀, ti iwájú ń sá fún un, eré ìmọ́lẹ̀ ò sì yí padà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ kàn fún un.

Ó yá, ká gbé aago kan sí ìràwọ̀ ọ̀hún, kó máa bá tilé lọ déédéé lójú Táyé. Kẹ́hìndé gúnlẹ̀, aago ibẹ̀ ń ka ọdún 5. Ìyẹn ò ní àríyànjiyàn, ojú kan náà ni wọ́n wà. Àmọ́ lójú Kẹ́hìndé tó ń lọ, ilé àti ìràwọ̀ ló ń sá bí ọkọ̀ ojú irin yẹn, ìràwọ̀ ló wà lẹ́yìn, torí náà aago ìràwọ̀ ti fi 3.2 ṣáájú tilé: ọdún 4 ọ̀nà náà, ẹ mú ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀. 5 dín 3.2, ó jẹ́ 1.8 mi yẹn. Bó ṣe yí orí ọkọ̀ padà báyìí, ilé ló wá di ẹ̀yìn, tilé ló wá fi 3.2 ṣáájú 5 ti ìràwọ̀: 8.2. Ẹ fi 1.8 ti àbọ̀ kún un.

10!

Kò sí ohun tó ṣe Táyé o. Kẹ́hìndé pàápàá ò fojú rí fífò kankan. Bó bá gbé awò sójú ní ìràwọ̀ yẹn, Táyé ti ọdún 1 lẹ́yìn tí ọkọ̀ gbéra ni yóò rí, torí ìmọ́lẹ̀ ti wà lọ́nà fún ọdún 4.

Ẹ fi ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún eré ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń fi ọdún 3 rìn dán an wò. Bí ọdún tó sọnù tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀ ò bá jẹ́ 3.6, ẹ kọ iṣẹ́ yín wá, ká jọ wò ó.