Irinṣẹ́ wo ló yẹ kí n kọ́kọ́ rà sílé fún kẹ̀kẹ́ ológeere?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ajárá ní Badagry ni mò ń gbé. Kẹ̀kẹ́ ológeere méjì ló wà nílé wa, tòkunbọ̀ sì ni méjèèjì. Mo ń gun ọ̀kan lọ síbi iṣẹ́, ọmọ mi ń gun èkejì lọ sílé ìwé. Bí táyà bá jò báyìí, títì ni mo máa tì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, owó náà sì ti ń pọ̀ jù. Mo rí àpótí irinṣẹ́ ńlá kan lọ́jà Agbalata, sípánà àti oríṣiríṣi nǹkan ló kún inú ẹ̀. Ṣé kí n rà á, àbí kí n máa rà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Ìdáhùn: Ẹ má ra àpótí yẹn o. Ọ̀pọ̀ nǹkan inú ẹ̀ ni ẹ ò ní fọwọ́ kàn, irin olówó pọ́ọ́kú sì máa ń rọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó o lé nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún, ẹnu sípánà á là, á sì jẹ orí nọ́ọ̀tì náà. Tí orí nọ́ọ̀tì bá ti di róbótó, iṣẹ́ kékeré ti di ti wẹ́dà nìyẹn. Lójú tèmi, sípánà tòkunbọ̀ tó wúwo lọ́wọ́ sàn ju tuntun tó ń dán lọ.

Táyà ló ń dà yín láàmú, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra páńpù, páàṣì tí wọ́n fi ń lẹ túùbù, sọ̀lúṣọ̀n tó ń mú páàṣì lẹ̀, sáńpépà díẹ̀, àti ọ̀pá pẹlẹbẹ méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n fi ń yọ táyà. Oníke ni kí ẹ mú. Sikurudíráfà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ló máa ń gé túùbù, wọ́n á wá máa bú páàṣì. Kí ẹ tó ra páńpù, ẹ wo ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bó bá rí bíi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, Schrader nìyẹn, ó sì rọrùn. Bó bá tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ní nọ́ọ̀tì kékeré lórí, Presta ni, ó nílò páńpù tó bá a mu tàbí ẹnu onídẹ kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ọn. Ó ṣeé ṣe kí kẹ̀kẹ́ yín méjèèjì má bára mu.

Nígbà tí ẹ bá ń lẹ̀ ẹ́, ẹ fi sáńpépà họ ojú túùbù, ẹ fi sọ̀lúṣọ̀n pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ wá dúró títí ojú ẹ̀ á fi gbẹ, tí kò ní dán mọ́, kí ẹ tó fi páàṣì lé e. Ìkánjú ibẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí páàṣì ṣí. Kí ẹ tó dá túùbù padà, ẹ fi ìka wá inú táyà jẹ́jẹ́. Ẹ̀gún tàbí wáyà tó lu ti àkọ́kọ́ lè ṣì wà níbẹ̀. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára táyà fúnra ẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ PSI sí, òun ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́.

Sípánà wá kàn. Nọ́ńbà 15 ni ẹ máa lò jù, fún nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn àti pẹ́dàlì. Ẹ fi 8, 9 àti 10 kún un fún bíréèkì àti mọ́ọ́gáàdì, pẹ̀lú Allen key (irin onígun mẹ́fà tí wọ́n ń kì bọ ihò orí nọ́ọ̀tì) 4, 5 àti 6. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ náà lọ sọ́jà, kí ẹ fi sípánà wọ nọ́ọ̀tì lójú ọlọ́jà kí ẹ tó sanwó. Bó bá ń mì, ẹ dá a padà fún un. Pẹ́dàlì òsì nìkan ló yàtọ̀: ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń yí sí ni òun ń tú sí. Àwọn tí kò mọ̀ ti fi agbára dè é títí tó fi bàjẹ́.

Ṣéènì ni Badagry máa ń fìyà jẹ jù, nítorí iyanrìn àti afẹ́fẹ́ òkun oníyọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, àkísà àti kẹrosíìnì díẹ̀ tó láti fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ kán ọ́ìlì sí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ nu èyí tó kù lójú ẹ̀ kúrò, torí ọ́ìlì ojú ṣéènì ló ń mú iyanrìn. Ẹ má lo ọ́ìlì dúdú tí mẹ́káníìkì tú jáde nínú ẹ́ńjìnì, ó ti ní ẹ̀rúnrún irin nínú. WD-40 inú agolo tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, ẹ fi tú ohun tó ti le. Kì í pẹ́ lára ṣéènì.

Ẹ ra téèpù onírin pẹ̀lú, kí ẹ lè máa fi wọn bóyá ṣéènì ti gbó. Lára ṣéènì tuntun, tí ẹ bá fi ìbẹ̀rẹ̀ téèpù sí àárín ìṣó kan (irin kékeré tó so ṣéènì pọ̀), ìṣó kẹrìnlélógún tó tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ bọ́ sí ínǹṣì 12 gẹ́lẹ́. Bó bá ti di 12 àti 1/16, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Bó bá dé 12 àti 1/8, ó ti ń jẹ eyín gíà, owó náà á sì pọ̀ sí i.

Irinṣẹ́ tó ń na sípóòkù tàbí èyí tó ń tú àárín pẹ́dàlì, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń bá yín tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Kẹ̀kẹ́ ọmọ ni kí ẹ máa ṣọ́ jù: nígbàkigbà tí ẹ bá yọ táyà tí ẹ sì dá a padà, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sókè, ẹ yí táyà, ẹ fa bíréèkì wò kí ọmọ tó gùn ún.

Sọ̀lúṣọ̀n tí a ti ṣí máa ń gbẹ mọ́nú ike, nítorí náà kékeré méjì ni kí ẹ rà, kì í ṣe ńlá kan.