Tí mo bá gbé fótò mi sí Wikimedia Commons, ṣé mo ti sọ ọ́ nù nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, òkun o. Fótò ni mo ń yà jẹun ní Kàbà níbí. Lọ́dún tó kọjá mo lọ síbi ọdún iṣu tuntun ní Ògìdì, mo ya bí ogójì, mo gbé díẹ̀ sórí Facebook, kó tó di Kérésì ẹgbẹ́ kan ti fi ọ̀kan nínú ẹ̀ ṣe káléńdà, wọ́n ń tà á, orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Mo pariwo, wọ́n ní ohun tó bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti gbogbo ayé ni. Ní báyìí àwọn tó ń kọ Wikipedia Yorùbá ní kí n gbé fótò wọ̀nyẹn sí Wikimedia Commons, ibi tí Wikipedia ń kó fótò tí ẹnikẹ́ni lè lò sí, kí n mú láísẹ́ǹsì tó ń jẹ́ CC BY-SA. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé mi ò ní fọwọ́ ara mi ju iṣẹ́ mi nù báyìí?

Ìdáhùn: Àbúrò, òkun o. Irọ́ gbuu làwọn oníkáléńdà yẹn pa fún ẹ. Aṣọ tí ìyá ẹ sá síta, ṣé torí pé gbogbo àdúgbò ń rí i ló fi di ti gbogbo àdúgbò? Òfin kópíráìtì tuntun wa, ti 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, ò sọ pé kó o lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan kó o tó ní ẹ̀tọ́. Bó o ṣe tẹ kámẹ́rà báyìí, tìẹ ni, ọdún 50 sì ni òfin fi dáàbò bo fótò.

Láísẹ́ǹsì tí wọ́n ń sọ yìí wá ńkọ́? Ìyọ̀ǹda ni, kì í ṣe títà. Ìwọ náà mọ àwọn ìyá tó ń hun aṣọ òkè ní Ògìdì, tí ọ̀kan nínú wọn bá ní ẹ lè wo bàtànì mi kẹ́ ẹ fi hun tiyín, kẹ́ ẹ ṣáà ti máa sọ pé ọwọ́ mi lẹ ti rí i, aṣọ tiẹ̀ ṣì wà nínú àpótí ẹ̀, ó sì ń hun ún tà lọ ní tiẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn. Creative Commons (òun ni CC yẹn), ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2001, ló kọ àwọn ìwé ìyọ̀ǹda yìí, mẹ́fà ni. BY ni pé kí wọ́n dárúkọ ẹ, ó sì wà nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. SA ni pé ẹni tó bá tún un ṣe di nǹkan míì, ìyọ̀ǹda kan náà ló gbọ́dọ̀ fi gbé tuntun yẹn síta. NC ni pé kò gbọ́dọ̀ fi pawó. ND, kò gbọ́dọ̀ gbé èyí tó yí padà síta.

Mo mọ̀ pé NC ló ń wù ẹ́. Ó ń wu gbogbo èèyàn! Ṣùgbọ́n Commons kì í gba NC, kì í sì í gba ND, torí wọ́n fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó, kódà kó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tà. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ẹ́ pé SA máa dá oníkáléńdà dúró, tó bá lẹ fótò ẹ mọ́ káléńdà bó ṣe wà, tó dárúkọ ẹ, tó sọ irú láísẹ́ǹsì tó jẹ́, kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan. Torí ẹ̀, bi ara ẹ: tí orúkọ mi bá wà níbẹ̀, ṣé mo lè fara mọ́ ọn kí wọ́n máa tà á? Tí ọkàn ẹ bá kọ̀, má gbé e síbẹ̀, kò sí ọ̀ràn.

Ibi tó le níbẹ̀ ni pé kò ṣeé gbà padà. O lè dẹ́kun gbígbé e síta, àmọ́ ẹni tó ti mú un lábẹ́ ìyọ̀ǹda yẹn ti mú un nìyẹn, àfi tó bá rú àdéhùn. Ẹlòmíì á ní kó o gbé èyí tó kéré síbẹ̀ kó o máa ta èyí tó tóbi. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí ọgbọ́n yẹn, Creative Commons fúnra wọn kìlọ̀ pé láwọn ilẹ̀ kan, òfin lè ka méjèèjì sí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Èmi á ní nínú ogójì yẹn kó o ṣa márùn-ún tó dáa, kó o fi fún wọn, kí èèyàn fi mọ orúkọ ẹ, kó o kó èyí tó kù pamọ́ fún títà. Márùn-ún yẹn náà, o ṣì lè tà á fún ẹni tó bá fẹ́ san.

Kì í ṣe gbogbo fótò ló yẹ bẹ́ẹ̀ o. Àwọn kọ́pà tó ń sanwó fún ẹ ní káńbù Aṣáyá, àwọn ìyàwó tuntun, lóòótọ́ tí ẹ ò bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé tiwọn ni, ìwọ tó yà á ni òfin mọ̀, àmọ́ ẹni tó sanwó náà ní ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀, ojú wọn ló sì wà níbẹ̀. CC ò lè bá ẹ fi ojú ẹlòmíì tọrẹ. Tó o bá sì gba orin àtijọ́ tí àwọn ìyá àgbà ń kọ ní Bùnú tàbí Yàgbà sílẹ̀, rẹ́kọ́ọ̀dù ni tìẹ, orin kì í ṣe tìẹ, ti ìlú ni, òfin 2022 yẹn náà sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fi irú ẹ̀ pawó, tàbí tó fẹ́ lò ó níta ibi tí àṣà ti ń lò ó, gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ kópíráìtì ìjọba àpapọ̀.

Ti káléńdà yẹn, kọ lẹ́tà sí wọn kó o tó gbé ohunkóhun sí Commons. Ìyọ̀ǹda tó o bá ṣe lónìí kò pa ẹ̀ṣẹ̀ àná rẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n á fẹ́ fi da ojú ọ̀rọ̀ rú mọ́ ẹ lọ́wọ́. Bèèrè owó, bèèrè kí orúkọ ẹ wà nínú èyí tí wọ́n bá tún tẹ̀, tí wọ́n bá kọ etí ikún, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ kópíráìtì. Fáìlì tó jáde látinú kámẹ́rà gan-an, èyí tó ní déètì lára, ṣé ó ṣì wà lórí mẹ́mọ́rì káàdì? Má tíì pa á rẹ́ o.