Ẹ Béèrè, A Ó Dáhùn: Oúnjẹ Tí Kò Ní Mílíìkì ní Peckham

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù là ń gbé. Ara ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, kọ mílíìkì. Nílé, kò sí wàhálà. Ọjọ́ Sátidé tá a bá jáde lọ sí Rye Lane ni ẹ̀rù máa ń bà mí. Kí la lè jẹ níbẹ̀, báwo ni kí n sì ṣe máa béèrè? (Ìyá Ọlọ́mọ)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà léèrè irú èyí tó jẹ́. Bó bá jẹ́ ṣúgà inú mílíìkì ni kì í dà nínú ọmọ, inú rẹ̀ á wú, á sì máa yàgbẹ́ gbuuru. Bọ́tà díẹ̀ lè má ṣe é ní nǹkan kan. Bó bá jẹ́ purotéènì inú rẹ̀ ni ara kọ̀, ìyẹn milk allergy, ìwọ̀nba tó lẹ̀ mọ́ ṣíbí lè mú ètè wú tàbí kó má lè mí dáadáa. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí la fi ń dáhùn.

Oúnjẹ tiwa ò ní mílíìkì nínú láti ilẹ̀ wá. Àmàlà, iyán, ẹ̀bà, gbẹ̀gìrì, ewédú, ẹ̀fọ́ rírò, ẹ̀gúsí: kò síbi tí mílíìkì gbà wọ̀ ọ́. Àfikún ayé òde òní ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Alásè mìíràn á ju ṣíbí bọ́tà kan sínú jọ̀lọ́ọ̀fù bó bá kù díẹ̀ kó sọ̀ ọ́, kó lè dán, kó sì ta sánsán. Àwọn kan ń fi mílíìkì agolo po móínmóín. Ti míìtì páì àti ṣín-ṣín, ẹ má wulẹ̀ béèrè, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹnu ìbéèrè gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Bẹ́ ẹ bá ní "Ṣé mílíìkì wà níbẹ̀?", ti inú agolo ni ìyá tó ń sebẹ̀ á rántí, á ní "Rárá o." Kò parọ́, bọ́tà kì í ṣe mílíìkì lójú tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun méjì làwa ń pè ní bọ́tà: ọ̀rá mílíìkì, àti màjàrín, tí òmíràn nínú rẹ̀ náà ní omi wàrà. Ẹ yáa ní: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi se ìrẹsì yìí? Òróró ni àbí bọ́tà? Ẹ jẹ́ n rí ike ẹ̀." Lára ike, òfin ní kí wọ́n kọ milk kó yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ yòókù, lẹ́tà tó dúdú kirikiri ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́. Whey àti casein, inú mílíìkì ni àwọn méjèèjì ti ń wá, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Dòdò àti àkàrà ò ní mílíìkì, àmọ́ ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n tún ń dín nínú òróró yẹn. Bó bá jẹ́ adìẹ tí wọ́n ti rẹ sínú buttermilk, ìyẹn mílíìkì kíkan, ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn ará Jàmáíkà, omi àgbọn ni wọ́n fi ń se rice and peas, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà; omi àgbọn kì í ṣe mílíìkì màlúù. Ewu ibẹ̀ ni macaroni oníwàràkàṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú gíláàsì, tí ṣíbí kan náà ń wọ méjèèjì. Ẹ ní kí wọ́n bù ú látinú ìkòkò lẹ́yìn pẹ̀lú ṣíbí mìíràn. Adìẹ sísun àwọn ará Tọ́kì sábà máa ń sùn mọ́jú nínú yọ́gọ́ọ̀tì. Náàn, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ, àti ghee, ìyẹn bọ́tà yíyọ́, ti àwọn ará Íńdíà, ẹ yẹra fún wọn.

Láti oṣù Kejìlá 2014 ni òfin Ìlú Ọba ti ní kí ilé oúnjẹ lè sọ bóyá ohun tí wọ́n ń tà ní èyíkéyìí nínú nǹkan 14 kan tí ara àwọn èèyàn máa ń kọ̀. Mílíìkì wà lára wọn. Bí wọ́n bá ní àwọn ò mọ̀, ẹ dìde.

ÌBÉÈRÈ: Tí wọ́n bá kọ vegan sí i ńkọ́, ìyẹn pé kò sí ohun tó wá lára ẹran nínú rẹ̀? (Ẹni tó ń yẹra fún mílíìkì, Camberwell)

ÌDÁHÙN: Ohun tí alásè mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i nìyẹn ń sọ. Kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀bẹ, pákó àti páànù tó ti kan wàràkàṣì tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ inú wíwú lásán ni tiyín, ẹ jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ allergy, ẹ ṣì bi wọ́n.