Ṣé nerve tó gé lè hù padà?

Bẹ́ẹ̀ ni, nerve (okùn tó ń gbé ìsọfúnni láàárín ọpọlọ àti ara) ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè hù padà, àmọ́ ti inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn kì í sábà hù. Tó bá ti gé, apá nerve tó já kúrò lára sẹ́ẹ̀lì tó ni ín á kú, àwọn sẹ́ẹ̀lì Schwann, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wé mọ́ nerve, á palẹ̀ ẹ̀ mọ́, wọ́n á sì la ọ̀nà fún èyí tó ń hù bọ̀, nǹkan bíi mìlímítà 1 lójúmọ́ ló máa ń hù, ìdí nìyẹn tó fi ń gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó dé ìka tó bá jẹ́ òkè apá ló ti gé. Nínú ọpọlọ, àpá ojú ọgbẹ́ àti ọ̀rá tó bo nerve ibẹ̀ ló ń dí i lọ́wọ́. Èyí tó gé pátápátá sábà máa ń gba iṣẹ́ abẹ, kó má sì pẹ́ jù o.