Ẹ Bi Wá Léèrè: Ọfà Onígi Bíi Ti Àwọn Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọyẹ́. Káfíńtà ni mí ní Kubwa níbí, iṣẹ́ ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì ni mò ń ṣe, àmọ́ kọ́sítọ́mà mi kan tó máa ń ta ọfà fún eré ìdárayá gbé fọ́tò wá, ó ní kí n bá òun ṣe ọfà onígi bíi èyí táwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń lò láyé àtijọ́. Mo rẹ́ ìrókò, mo fá a rogodo, mo fi ayùn la ẹnu sí ìdí ẹ̀ fún ọsán, ó dán dáadáa. Ìgbà tó ta á, ó là láti ìdí dé àárín, èkejì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ló fà á?
*Káfíńtà, Kubwa*

Ìdáhùn: Ọ̀gá káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Inú mi dùn sí lẹ́tà yín gan-an, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ti fẹ́ ṣe ọfà yìí, irin iwájú ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò, bẹ́ẹ̀ ìdí ẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà.

Ẹ wò ó, gbogbo agbára ọrun, ibi ìdí yẹn ló ń gbà wọnú ọfà. Ẹnu tẹ́ ẹ là síbẹ̀, igi ti bẹ̀rẹ̀ sí í là nìyẹn, tí ọsán bá wá gbá a, ńṣe ló máa ń là á lọ bí ẹni fi àáké la igi ìdáná. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ èyí, ìwo màlúù ni wọ́n fi gbà á. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: kẹ́ ẹ tó la ẹnu ọsán rárá, ẹ fi ayùn tó tín-ín-rín rẹ́ ìdí ọfà wọlé, kó jìn tó bíi ínṣì méjì. Ẹ fi fáìlì fá ìwo títí á fi fẹ́lẹ́, kó nípọn díẹ̀ lápá ìdí, kó máa tín-ín-rín lọ títí á fi tán nínú igi, ẹ fi gúlúù kùn ún, ẹ tì í wọlé, ẹ fi òwú dì í gírígírí kó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ó di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó wá la ẹnu ọsán, ẹ má là á tẹ̀ lé ìwo yẹn o, ẹ là á kó dábùú ẹ̀, kó jẹ́ pé orí ìwo ni ọsán máa jókòó sí. Igi ò ní lè là mọ́ torí ìwo ti dí ọ̀nà ibi tó fẹ́ gbà là. Ìwo ò wọ́n l'Ábújá, ẹ bá àwọn alápatà sọ̀rọ̀, wọ́n á kó o fún yín ní bàágì.

Ó kan igi. Ìrókò dára fún ilẹ̀kùn, mi ò bá a jà, àmọ́ iṣan inú ẹ̀ máa ń lọ́ mọ́ra, ọfà sì nílò igi tí iṣan ẹ̀ lọ tààrà láti iwájú dé ìdí. Nínú Mary Rose, ọkọ̀ ogun Ọba Henry Kẹjọ tó rì nítòsí Portsmouth lọ́dún 1545 tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1982, wọ́n bá ọfà tó lé ní 3,500, igi kan tí wọ́n ń pè ní poplar ni wọ́n fi gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, igi ash náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n ka igi sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé lọ́dún 1416 òfin jáde pé káwọn tó ń ṣe bàtà onígi má fọwọ́ kan igi aspen, tó jẹ́ irú poplar kan, kó wà fáwọn oníṣẹ́ ọfà. Àwa ò ní poplar níbí. Tó bá jẹ́ èmi ni, igi másóníà ni màá wá ní ọjà igi Dei-Dei, iṣan ẹ̀ sábà máa ń tọ́, ó sì ń tẹ̀ láì kán, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ bo imú yín tẹ́ ẹ bá ń fá a, ẹ̀yin náà mọ bí eruku ẹ̀ ṣe ń ta ni nímú. Ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ, ẹ là á, ibi tó bá là gbà ni iṣan ẹ̀ wà, ìyẹn lẹ máa tẹ̀ lé fá a. Gígùn ẹ̀ bíi ínṣì 30, iwájú ẹ̀ nípọn tó ìdajì ínṣì, á wá máa tín-ín-rín bọ̀ lẹ́yìn títí á fi ku bíi mílímítà 9 tàbí 10. Tó bá tẹ̀, ẹ yá a lórí èédú díẹ̀díẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà kó tọ́. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà yín, báwo ni ọrun ẹ̀ ṣe le tó? Pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń wọn agbára téèyàn máa fi fa ọrun, ọrun ogun Gẹ̀ẹ́sì, pọ́n-ùn 100 lọ sókè ni. Tó bá jẹ́ ọrun pọ́n-ùn 40 ni tiẹ̀, ọfà tó nípọn báyẹn á wúwo jù, á sì le jù, ẹ fá a kó kù bíi mílímítà 8 sí 9. Kẹ́ ẹ tó gbé e fún un, ẹ di orí àti ìdí ẹ̀ mú, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ fetí sí i, èyí tó bá ké ẹ kán an dànù, torí ọfà tó bá fọ́ lórí ọrun lè wọ èèyàn lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mò ń sin tòlótòló ní Kàdúná, mo gbọ́ pé ìyẹ́ gúùsì, ẹyẹ tó jọ pẹ́pẹ́yẹ yẹn, lòyìnbó ń lò fún ọfà. Ṣé ti tòlótòló ò ní ṣe é ni?
*Màmá Onítòlótòló, Kàdúná*

Ìdáhùn: Á ṣe é dáadáa Màmá, àwọn tó ń ṣe ọfà onígi lóde òní, ti tòlótòló ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Gúùsì lòótọ́ ni tàwọn Gẹ̀ẹ́sì: lọ́dún 1417, Ọba Henry Karùn-ún pàṣẹ pé kí wọ́n fa ìyẹ́ mẹ́fà mẹ́fà lápá gúùsì wá sí London fún ọfà. Ìyẹ́ apá lẹ máa tà o, kì í ṣe ti ìrù tàbí ti àyà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ya ti apá ọ̀tún sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ ya ti òsì sọ́tọ̀, ìyẹn gan-an làwọn oníbàárà máa torí ẹ̀ padà wá, torí wọn ò tẹ̀ síbì kan náà, ìyẹ́ mẹ́ta tó máa wà lára ọfà kan gbọ́dọ̀ wá láti apá kan náà kó lè máa yí lójú ọ̀nà. Wọ́n á la ìyẹ́ náà láàárín, wọ́n á gé e kó gùn tó ínṣì 7 sí 8, wọ́n á lẹ̀ ẹ́, wọ́n á wá fi òwú sílíkì yí i láàárín ìyẹ́ láti ìsàlẹ̀ dókè. Ìda oyin wà nínú ohun táwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń fi kùn ún, wọ́n tún ń po nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń hù lára kọ́pà mọ́ ọn, májèlé nìyẹn, ẹ̀yin ẹ fi mọ sí ìda nìkan.

Ìbéèrè: Ṣé alágbẹ̀dẹ Hausa àdúgbò mi lè rọ irin orí ọfà Gẹ̀ẹ́sì? Eré ìtàn làwọn ọmọ iléèwé mi fẹ́ ṣe.
*Tíṣà, Minna*

Ìdáhùn: Ó lè rọ ọ́ dáadáa, ẹ gbé fọ́tò hàn án. Orí ọfà wọn ní ihò lẹ́yìn tí igi ń wọ̀, lọ́dún 1406 pàápàá òfin ti ní kí alágbẹ̀dẹ kọ̀ọ̀kan fi àmì tiẹ̀ sára èyí tó bá rọ kí wọ́n lè mọ ẹni tó ṣe èyí tí ò dáa. Ṣùgbọ́n tíṣà, ọmọ iléèwé lẹ pè é yìí. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà gbẹ́ orí onígi tí ò mú fún wọn, kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà dúdú, látọ̀ọ́kán ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé kì í ṣe irin. Bí ọ̀nà ṣe rí lápá ọ̀dọ̀ wa báyìí, ẹ má jẹ́ kọ́mọ kankan gbé ọrun àti ọfà wọ mọ́tò, àgbà kan ni kó kó gbogbo ẹ̀ sínú àpótí, kó mú lẹ́tà iléèwé dání fún àwọn ṣọ́jà ojú ọ̀nà.