Ìràwọ̀ orí tábúlẹ́ẹ̀tì kọ́ ni ìwé kíkà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Ọmọ mi Ayọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 6. Mo ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún un ní Queen Cinema, n'Íbàdàn níbí. Ẹni tó tà á fún mi kó áàpù ìwé kíkà mẹ́ta sí i, ó gba ₦8,000 lọ́tọ̀, ó ní kó tó pé oṣù kan ọmọ á máa kàwé bí ẹni mumi, a ò ní nílò ẹni tí á kọ́ ọ. Ayọ̀ ti gba ìràwọ̀ tó lé ní 900, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 3 náà ń bá a tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé ìwé fún un, ojú mi ló ń wò. Áàpù wo ló dára ju èyí lọ, tí á mú kó fẹ́ràn ìwé? — Ìyá Ayọ̀, Apẹ̀tẹ̀.

Ìdáhùn: Ìyá Ayọ̀, ẹ má ra òmíràn. Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń fi irú ìlérí báyìí gbowó lọ́wọ́ abiyamọ. Kò sí áàpù tó ń fi oṣù kan sọ ọmọ tí kò mọ lẹ́tà di akàwé.

Ẹ rò pé Ayọ̀ kò fẹ́ràn ẹ̀kọ́. Ọmọ tó jókòó gba ìràwọ̀ 900 kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí wọ́n ṣe ń gba ìràwọ̀ ló kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n. Ẹ jókòó tì í lálẹ́ òní kí ẹ wò ó. Áàpù á pe ọ̀rọ̀, á gbé àwòrán mẹ́ta jáde: ajá, ológbò, ewúrẹ́. Tó bá tẹ ajá tí kì í ṣe ajá, á tẹ ológbò. Bí kò bá jẹ́ ológbò, ó ku ewúrẹ́. Ìràwọ̀ já bọ́, orin dún. Ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín b àti d á gbà á. Ẹ wá fi pẹ́ńsùlù kọ ọ̀rọ̀ kan náà sórí pépà, kí ẹ ní kó kà á. Ohun tó bá rí kà níbẹ̀ ló mọ̀.

Ní 1973, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Lepper, Greene àti Nisbett, mú àwọn ọmọ jẹ́léósinmi tó fẹ́ràn àwòrán yíyà. Wọ́n ṣèlérí ìwé-ẹ̀rí tó ní ìràwọ̀ wúrà fún àwọn kan bí wọ́n bá lè yàwòrán, wọn ò ṣèlérí fún àwọn yòókù. Nígbà tó yá tí ẹ̀bùn kò sí mọ́, àkókò tí àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún ń lò nídìí àwòrán kò ju nǹkan bí ìdajì ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ohun tí wọ́n ń ṣe tìfẹ́tìfẹ́ ti di iṣẹ́ tí à ń gbowó rẹ̀. Níbi tí owó dá sí, iṣẹ́ dá síbẹ̀. Mo gbà pé ẹ̀bùn kékeré lè fa ọmọ tí kò tíì tọ́ nǹkan wò rárá sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìwé tí ẹ gbé fún Ayọ̀ kì í já ìràwọ̀, ìdí rèé tó fi ń wò yín.

N ò ní kí ẹ kó tábúlẹ́ẹ̀tì sọnù, èmi náà ń lò ó. Ní 2019, ẹgbẹ́ méjì pín ẹ̀bùn mílíọ̀nù 10 dọ́là nínú ìdíje àgbáyé kan tí wọ́n ń pè ní XPRIZE, nítorí áàpù tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ abúlé ní Tanzania, tí ọ̀pọ̀ wọn kò dé ilé-ìwé rí. Ṣùgbọ́n oṣù 15 ni àwọn ọmọ náà fi lò ó, èdè Swahili ni áàpù sì ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ni ti Ayọ̀ ń sọ, ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Lẹ́tà 25 ni tiwa, ìró b àti a kì í sì í yí padà láti ọ̀rọ̀ kan sí èkejì: bàbá, bàtà, abà. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 26, ó ń gbé ìró bíi 44. A inú "cat" yàtọ̀ sí a inú "cake". Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rí i nínú Yorùbá pé lẹ́tà ń sọ̀rọ̀.

African Storybook ní ìtàn Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ yẹ àmì ohùn wò, kí ẹ ṣí ọ̀kan lórí tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn, kí ẹ̀yin àti Ayọ̀ jọ kà á fún ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́. Ibi tí ìtàn bá ti le, tí ọwọ́ fẹ́ tẹ Ìjàpá, ẹ dúró. Ẹ ní kó ka ìlà tó kù fúnra rẹ̀. Ara rẹ̀ ò ní balẹ̀ títí á fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀bùn tí mo ń wá fún un nìyẹn. Lọ́jọ́ tí iná ò bá sí, ẹ kọ "Ayọ̀ jẹ mọ́ínmọ́ín méjì" sórí pépà, kó kà á.

Ti àbúrò rẹ̀: ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ìmọ̀ràn WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní 2019 ni pé kí ọmọ ọdún 2 sí 4 má jókòó ti ẹ̀rọ ju wákàtí 1 lójúmọ́, bó bá sì kéré sí i, ó sàn.

N ò rí Ayọ̀ sójú, olùkọ́ sì ni mí, n kì í ṣe dókítà. Bó bá ń gbé ìwé sún mọ́ ojú, tàbí tí ẹ ń pè é tí kò gbọ́, ẹ kọ́kọ́ mú un lọ fún àyẹ̀wò ojú àti etí. Ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn ń ṣe é. Ẹ má ra oògùn olómi tí wọ́n ní ó ń là ọmọ lọ́pọlọ, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá ṣe èyí lójoojúmọ́ fún sáà kan tí lẹ́tà ò dúró, ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi padà, kí ẹ sọ àwọn ọ̀rọ̀ tó rí kà lórí pépà àti àwọn tí kò rí kà.